Ọkọ̀ Tó Ń Dín Eré Kù Létí Eèsún

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa omi o. Bí omi bá ti kọjá orúnkún mi, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ ti máa wá mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn apẹja adágún wa náà ni mo lè sọ, àwọn wọ̀nyẹn sì rèé, ẹnu wọn ti pa ẹja tí ìwọ̀ wọn ò rí rí. Àmọ́ ohun kan dá mi lójú: ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i pé Tísà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí omi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé ẹ mọ Tísà ni, ẹ̀rù ni ì bá bà yín.

Olùkọ́ awakọ̀ ni. Ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, inú mọ́tò kékeré kan tó ní bíréèkì méjì ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa jágbe mọ́ àwọn tó ń kọ́ mọ́tò: "Ta ló ni ọ̀nà níbí? Ṣé ìwọ ni? Yà fún un." Obìnrin kan ti sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀ títí tí kò fi mọ bíréèkì yàtọ̀ sí fèrè mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti di àárọ̀ Sátidé, tí Tísà wọ ọkọ̀ funfun rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tóbi ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn yóò kù sí èbúté pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Òfin orí omi ò sì ṣòro. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ ló ni ọ̀nà, kí ẹlẹ́ńjìnnì yà fún un. Ẹni tó ti ju ìwọ̀ sómi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o gbà, kí o jìnnà sí i, kí o dín eré kù, kí o kí i. Tísà kì í yà, kì í dín eré kù, kì í kí èèyàn. Orí okùn ìwọ̀ wọn ló ń gbà kọjá bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló la títì síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀ jù lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n, ó ti fẹ̀yìn tì, ìbàdí rẹ̀ apá òsì sì ti kọṣẹ́. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí ló máa ń fi àjẹ̀ tù lọ sẹ́bàá eèsún, níbi tí omi ti jìn tó sì dákẹ́, tí yóò máa fi ekòló dẹ ẹja. Kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Ó ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ títí ó fi sú u.

"Tísà, ìgbì rẹ tún bu omi sínú ọkọ̀ mi lónìí. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kan o máa dà mí sómi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ ra ọkọ̀ gidi. Abọ́ ìfọṣọ lẹ jókòó sí yẹn."

"Ìwọ ni kí o dín eré kù."

"Bí mo bá ń dín eré kù fún gbogbo arọ tó wà lórí omi, ìgbà wo ni màá dé ibi tí mò ń lọ?"

Arọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ẹ̀gbọ́n lára bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ síni níka. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbínú tiẹ̀ kì í pariwo. Ńṣe ló máa ń rán an mọ́ inú, wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ibi tó ti ta kókó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wà lẹ́bàá eèsún, kùrukùru òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò lójú omi. Ló bá rí ọkọ̀ funfun náà lọ́ọ̀ọ́kán, ilà pupa tó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ó fa ìwọ̀ rẹ̀ sókè, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Ó kó èpè jọ sẹ́nu, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó ń dúró kí ó súnmọ́ tòsí.

Àfi bí imú ọkọ̀ náà ṣe rọra wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ológbò tó ń sùn. Ó yà, ó gba ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n lọ, ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ń wà á dìde dúró nínú kóòtù òjò aláwọ̀ aró, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, mo kàn ń kọjá ni."

Ohùn Tísà ni. Àmọ́ ó dà bí aṣọ líle tí wọ́n ti fọ̀ tó fi rọ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró de ìgbì, ìgbì ò dé. Kì í ṣe pé ó kéré; kò sí rárá. Eèsún tí ọkọ̀ náà fara kàn ò mì. Òórùn epo kankan ò sí nínú afẹ́fẹ́. Kóòtù yẹn ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló rán an fún Tísà, níbi bọ́tìnnì níwájú, apá òsì lórí apá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń rán an fún ọkùnrin. Lọ́jọ́ yìí, apá ọ̀tún ló wà lórí apá òsì. Aránṣọ lè gbàgbé orúkọ àna rẹ̀, kò lè gbàgbé ibi tó dá ihò bọ́tìnnì sí.

Gbogbo èpè tó wà lẹ́nu rẹ̀ di itọ́. Ó gbé e mì.

Kò pẹja mọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé Tísà ló gbà lọ tààrà, ó fẹ́ lọ parí ìjà. Ibẹ̀ ló ti bá ọkọ̀ funfun lórí igi níwájú ilé, gbígbẹ táútáú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní títú lórí ìwé ìròyìn, Tísà sì ń bú irinṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, gírísì dé ìgúnpá rẹ̀.

"Ìgbà wo lo dé láti orí omi?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Orí omi wo? Láti àná ni nǹkan burúkú yìí ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé sípánà yẹn fún mi."

Ẹ̀gbọ́n gbé e fún un.

Ní Ọjọ́rú, ẹgbẹ́ apẹja ṣe ìpàdé. Inú yàrá kan lẹ́yìn èbúté ni, àga oníke mẹ́rìnlá, fáànù kan tó ń ró kẹ̀kẹ̀, àti fọ́tò àwọn ẹja tó máa ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Alága wọn, obìnrin tó ti ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́ rí, dìde dúró.

"Kí á tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tísà. Èèyàn mẹ́fà ló ti sọ fún mi pé ó ń yà fún àwọn, ó sì ń kí àwọn."

"Èmi kọ́," Tísà dáhùn. "Ẹ́ńjìnnì mi ti bàjẹ́ láti Ọjọ́ Ẹtì."

"Nọ́ńbà ọkọ̀ yín ni."

"Ojú yín náà ni," oníbúrẹ́dì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ náà fi kún un. "Ó ní kí n máa pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ẹ̀ subú sómi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú Tísà pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. "Ẹ wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń gbé ojú mi kiri, ó ń fi ẹnu mi bẹ̀ yín, inú yín sì dùn?"

"Tísà, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ jàre," oníbúrẹ́dì sọ. "Ó mọ̀ ọ́n lò jù yín lọ."

Tísà fọwọ́ gbá tábìlì, fáànù dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni mo ni ojú mi. Màá ti tún ẹ́ńjìnnì mi ṣe tó bá fi di Sátidé, màá lé e bá, màá sì tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹni tó bá wà lọ́nà, kó ti ara rẹ̀ bọ omi."

Ẹ̀gbọ́n wò yí ká. Gbogbo wọn ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó tún un rín.

Kí ni kò wá jẹ́ kí bàbá yìí jókòó sílé ní Sátidé náà? Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ìbàdí rẹ̀ gan-an bẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ńṣe ló fẹ́ kí wọ́n kí òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n sì kí i. Bí agogo méje ṣe kọjá díẹ̀, ọkọ̀ funfun yọ, imú rẹ̀ wálẹ̀, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ di ọkọ̀ mú dáadáa." Kò tíì kọjá tán tí ẹ̀gbọ́n fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń ké bọ̀, epo kún afẹ́fẹ́, ọkọ̀ funfun kejì sì yọ, ilà pupa kan náà, nọ́ńbà kan náà. Tísà wà lórí ìdúró nínú rẹ̀, ó ń bú ẹni tó wà níwájú.

Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò rí i. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Àyè wà láti dín eré kù, àyè wà láti yà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ẹni tó ń lé, ó sì tẹ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ sí i.

Ìgbì àkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kékeré náà sókè, ìkejì dojú rẹ̀ dé. Omi wọ ẹ̀gbọ́n létí, ó wọ̀ ọ́ nímú, ó dúdú, ó sì tutù. Ibi tó ti ń jà ló ti rí i tí ọkọ̀ Tísà náà takìtì lórí ìgbì tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá, tó ju Tísà nù bí ẹni gbọn ekòló kúrò lọ́wọ́, tó sì sáré lófìfo wọ inú eèsún, ó dún gbì, ó dákẹ́.

Nígbà náà ni ọwọ́ méjì gbá ẹ̀gbọ́n mú lábẹ́ abíyá. Wọ́n gbé e jẹ́jẹ́, wọ́n fi ìbàdí tó ń dùn ún sókè, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Ẹni yẹn bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó. Kóòtù náà gbẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó sọ. Ojú Tísà ni, bí ojú Tísà ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, kí ohunkóhun tó bí i nínú.

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. Lẹ́yìn wọn, àbúrò rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ kékeré tó dojú dé, ó ń tutọ́ omi, ó sì ń bú èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un kó dúró. Olè ni. Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ bí igi."

Ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì wo ẹ̀gbọ́n, ó ń retí ohun tó máa sọ. "Dúró" ò gùn ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ó dé ahọ́n ẹ̀gbọ́n. Gbogbo òwú tó ti fi rán ìbínú mọ́ inú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí fà á padà, ó sì pa ẹnu dé. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ìgbì má baà bu omi sẹ́nu ẹni tó wà lẹ́yìn.

Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi pàdé wọn ní èbúté. Alága dì mọ́ ẹni tó rò pé Tísà ni, ó ní òun mọ̀ pé èèyàn rere ló wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá. Ọkọ̀ kékeré tó dojú dé ńkọ́? Wọ́n ní kó ṣì wà níbẹ̀, ọ̀la ni wọ́n máa lọ fà á wá. Ọkọ̀ funfun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn rí, kò sì sẹ́ni tó béèrè òmíràn.

Ní ọ̀sán, ilé Tísà ni wọ́n ti fẹ́ jẹun. Ìyàwó Tísà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti yẹ ẹ̀gbọ́n wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, ọkọ rẹ kọ́ ló wà ní pálọ̀ yẹn."

Kò yíjú padà, ó ń bu ìrẹsì. "Mo mọ̀. Ó nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé."

"Ọkọ rẹ wà nínú omi. Ó rọ̀ mọ́ ọkọ̀ mi. Èmi ni mo fi í sílẹ̀."

Ó gbé ṣíbí ìrẹsì sílẹ̀. "Ṣé ó ṣì lè máa rọ̀ mọ́ ọn?"

"O mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ le."

Ó wo ojú fèrèsé. "Ọdún mẹ́tàdínlógún nílé ọkọ," ó sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé àwo. "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ ti ń tutù."

Ní pálọ̀, ẹni yẹn dìde fún wọn. Ó gba àwo lọ́wọ́ ìyàwó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, etí obìnrin náà sì pọ́n bí ti ọmọge. Ó fa àga fún ẹ̀gbọ́n, ó fi ìrọ̀rí sí apá òsì níbi tó ti ń dùn ún, ó mú èyí tó tóbi nínú ẹja, ó gbé e síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mú ṣíbí. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń rí adágún lójú fèrèsé, ó tẹ́ rẹrẹ, kò sí ìgbì kankan lórí rẹ̀. Oòrùn ṣì ga. Ọkọ̀ pọ̀ ní èbúté, ẹnì kan ò sì ní kọ̀ fún un bó bá ní òun fẹ́ yá ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga yẹn, ṣé ẹ máa dìde?