Ìtọ́jú Tó Fẹ́ Sọ Màmá Di Arọ

"Màmá, ẹ jókòó."

Láti ìgbà tí Fọláyẹmí ti mú ìyá rẹ̀ wá sí ilé rẹ̀ ní àdúgbò Àrẹ̀mọ ni màmá ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá mú ìgbálẹ̀, Fọláyẹmí á gbà á. Kò fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò sọ pé òun ń fi ìyá òun ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó tún ní ẹran àti ẹ̀wà kò dára fún àgbàlagbà. Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, ẹ̀kọ mímu lálẹ́. Ìtọ́jú rèé, àbí?

Ọkàn màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò balẹ̀ rárá. Á wo fèrèsé, á wo ẹnu ọ̀nà, á mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, itan rẹ̀ rù, ó sì di pé kí wọ́n máa fà á dìde. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí ìjọ dìde láti kọrin, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbá a mú.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà yẹ màmá wò, kò rí àrùn kankan. Ó ní kí wọ́n lọ rí Esther, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti eegun. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Esther, Fọláyẹmí ń rìn síwá sẹ́yìn.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé?" Esther béèrè.

"Iṣẹ́ kẹ̀? Mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan, mà. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń mu."

"Ohun tó ń ba iṣan wọn jẹ́ nìyẹn. Àwọn olùwádìí ti rí i pé iṣan, ìyẹn ẹran ara tó ń gbé wa dìde, máa ń dín kù bí a bá ṣe ń dàgbà. Ti ẹni tó ń jókòó ṣáá, tí kì í jẹ ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin, máa ń yá ju ti ẹlòmíì lọ."

Màmá mirí. "Ẹ bá mi sọ fún un. Mi ò tíì kú, ó ti tẹ́ mi nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ."

Ẹkún gbọ̀n Fọláyẹmí.

Esther ní kí màmá di etí tábìlì mú, kó gbìyànjú láti dìde fúnra rẹ̀. Ọwọ́ Fọláyẹmí ti na jáde láti fà á, ó yára kó o sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ màmá gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dìde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ fún wọn ní oúnjẹ tó ń mú ara le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ tí agbára wọn ká. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń rù tàbí tí ìdìde ń ni wọ́n lára, ẹ má sọ pé ọjọ́ orí ni. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣubú, torí eegun itan àgbàlagbà tó bá ti dá kì í tètè jinná.