Fọ́tò Tí Bàbá Télọ̀ Kò Dá Mọ̀

"Bébà yìí kì í ṣe irú èyí tá a ti ń lò o," ni Àǹtí wí bó ṣe ń gbé páálí tuntun náà lé orí tábìlì. "Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Má wò ó pé funfun ni àwọn méjèèjì."

Ẹyinjú mi orí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀dọ̀ Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, ló sì ń gbé láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Iṣẹ́ fọ́tò ni Àǹtí ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Òun ló ń yà á, òun náà ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀nà jíjìn làwọn èèyàn ti ń wá a nítorí àwọ̀: ẹni tó bá pupa, pupa ni yóò rí nínú fọ́tò Àǹtí, ẹni tó bá sì dú, dúdú minimini ni.

Ẹyinjú mọ àṣírí ibẹ̀. Bébà kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń mu íǹkì. Bí irú tuntun bá ti wọlé, Àǹtí á kọ́kọ́ tẹ bébà ìdánwò kan tí àwọ̀ bí ẹgbẹ̀rún kan tò sí ní ìlà ìlà. Á jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, á wá fi ẹ̀rọ kékeré kan ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá kà ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe fáìlì àwọ̀ fún bébà náà, fáìlì yìí ló sì ń sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò iye íǹkì tí yóò lò. Bí kò bá sí i, bí ìgbà tí afọ́jú ń ta ọfà ni.

Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Àǹtí fẹ́ lọ ya àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní fọ́tò, ọjọ́ kejì ni yóò sì tó dé. Ó ti tẹ bébà ìdánwò sílẹ̀. Ó ní kí Ẹyinjú kà á láàárọ̀, kó ṣe fáìlì rẹ̀, kó sì tẹ fọ́tò ńlá kan fún Olùkọ́. "Má kánjú," ló fi kún un. "Wò ó lójú fèrèsé kí o tó gbé e lé e lọ́wọ́."

Olùkọ́ yìí ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwé ẹ̀yìn títì. Bàbá rẹ̀ ti rán aṣọ fún àádọ́ta ọdún, Bàbá Télọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìyàwó bàbá ti kú ní ọdún tó kọjá, fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó dára sì wà nínú fóònù àtijọ́ kan: obìnrin apọ́nbéporẹ́, nínú aṣọ elésè àlùkò tí ọkọ rẹ̀ rán fún un. Àwọn ọmọ fẹ́ kí bàbá gbé e kọ́ síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ẹyinjú ti ka ìlà mẹ́ta nínú ọgbọ̀n nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kan fèrèsé. Àárọ̀ yẹn ni ilé ìwé wọn fẹ́ yan àwọn oníjó tí yóò lọ bá àwọn ilé ìwé yòókù díje. Aago mẹ́wàá ni, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ ti di ẹni ẹ̀yìn. Ẹyinjú ní iṣẹ́ òun kò tíì parí. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé torí àwọ̀ lásán lo ṣe fẹ́ pàdánù èyí? Ta ló máa mọ̀?"

Ẹyinjú wo ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù. Ọkàn rẹ̀ ń sọ pé kó má ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é. Ó ṣe ẹ̀dà fáìlì bébà ti tẹ́lẹ̀, ó fi orúkọ bébà tuntun pè é, ó rún bébà ìdánwò mọ́wọ́, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ kò bi í ní ìbéèrè kankan. Fọ́tò jáde. Ojú tó yẹ kó pọ́n wá dà bí ìgbà tí wọ́n ku eérú sí i, aṣọ elésè àlùkò sì ti fì sí búlúù. Ó rí i. Ó ní bóyá bó bá gbẹ, yóò mọ́lẹ̀ sí i.

Ó fi í sínú àpò bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí Olùkọ́ dé, kò tú u wò, ó ní bàbá ni kó kọ́kọ́ rí i. Ẹyinjú tilẹ̀kùn, ó sáré lọ. Wọ́n yàn án.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí bi í bóyá ó ka bébà ìdánwò tán.

"Mo kà á tán, Àǹtí."

Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́. Fọ́tò ńlá nìkan ni wọ́n ń lo bébà yẹn fún, ẹnikẹ́ni kò sì tún béèrè fún fọ́tò ńlá lẹ́yìn ìyẹn, nítorí náà kò sí ohun tó tú àṣírí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Olùkọ́ padà wá, ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun fẹ́ kí Àǹtí wá ya àwọn ní fọ́tò pẹ̀lú bàbá àwọn, nítorí ẹ̀gbọ́n òun yóò mú bàbá lọ sílé tirẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Àǹtí béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Bàbá wa ò dá ìyá wa mọ̀ mọ́."

Ó ní nígbà tí bàbá tú fọ́tò náà, ó wò ó títí, ó ní ìyàwó òun kọ́ nìyí, òun ò rán aṣọ aláwọ̀ yẹn fún un rí. Àwọn ọmọ ní ojú ìyá àwọn náà ni, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣú díẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tún un wò, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ti ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀, èyí ló wá dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ìbátan kan tí ń gbé lókèèrè. Láti ìgbà yẹn, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ fa fọ́tò náà yọ. Àǹtí gbé e sí ojú fèrèsé, ó fajú ro. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ìlà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ihò íǹkì kan dí, kò dí. Ó wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ń fi àtúnṣe àwọ̀ tirẹ̀ kún ti kọ̀ǹpútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì àwọ̀ ń jẹ́ orúkọ bébà tuntun, kò fura sí i. Nígbẹ̀yìn ó mú fóònù, ó ní bébà náà ni kò dára, òun yóò dá a padà fún ọkùnrin tó tà á fún òun.

Ẹyinjú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bó bá dákẹ́, bébà ni yóò ru ẹ̀bi, ọkùnrin yẹn ni yóò sì gba èébú.

"Àǹtí, ẹ má pè é. Mi ò ka bébà ìdánwò náà. Fáìlì ti tẹ́lẹ̀ ni mo yí orúkọ rẹ̀ padà."

Àǹtí gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Olùkọ́ mú fọ́tò náà, ó dì í mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á.

Wọ́n tẹ bébà ìdánwò mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ẹyinjú ka ọgbọ̀n ìlà láìdìde. Nígbà tí fọ́tò tuntun jáde, obìnrin náà pọ́n, aṣọ rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò gidi. Àǹtí ní kó gbé e lọ fúnra rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.

Bàbá Télọ̀ jókòó sórí àga nínú yàrá rẹ̀, àpò ẹrù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyinjú kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá gba fọ́tò, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka tọ ọrùn aṣọ náà.

"Ìyàwó mi nìyí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ọrùn aṣọ yìí kí n tó rí i rán."

Olùkọ́ bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bẹ bàbá rẹ̀, ó ní kò ní lọ síbì kankan mọ́. Ẹyinjú ni bàbá ń wò.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bi ara mi pé ṣé orí mi ti dàrú ni. Ojú mi ń sọ òótọ́ fún mi, mo wá ń pè é ní onírọ́. Ọmọ mi, ohun tí o ṣe sí mi nìyẹn."

Wọ́n tú ẹrù bàbá, wọ́n dá àlùmọ́gàjí rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìbátan tó gba ẹ̀rọ ìránṣọ ti gbé e fún ẹlòmíràn, wọn kò rí i gbà mọ́. Bàbá alára kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá bi í léèrè ohun kan, á kọ́kọ́ wo ojú wọn bóyá wọn yóò gbà á gbọ́.

Ẹyinjú yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn oníjó fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti rò pé ẹ̀rọ lòun ń purọ́ fún, àṣé kò sí irọ́ tó ń dúró sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí ń fi ọ̀nà ẹ̀bùrú parí iṣẹ́ kò mọ ilé tí ọ̀nà náà yóò já sí, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá ni yóò san ohun tó jẹ níbẹ̀.