Ìbéèrè Lórí Àga Onídìrí

Ìdajì irun obìnrin náà ti wà ní dídì, ìdajì yòókù dúró gangan bí ìyẹ́ adìyẹ tó rí àṣá. Ká ní ẹlòmíràn ló jókòó báyẹn, èèyàn ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín-Ẹ̀yẹ ni, òṣèré tí àwòrán rẹ̀ kún ara ògiri káàkiri ìlú. Ní Sátidé méjì-méjì, á gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí, á bọ́ bàtà, á sì di èèyàn lásán.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń na ooyà sí onídìrí jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n onídìrí náà. Ọwọ́ àǹtí rẹ̀ yìí ló dàgbà sí. Nílé ìwé, Alága ni wọ́n ń pè é, torí òun ni olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ayẹyẹ ìdágbére àwọn tó ń jáde. Lánàá òde yìí, ẹnì kan ní kí wọ́n pe dókítà eléyín wá bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n hó lé e lórí. Ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lámèyítọ́ bá ní, "Ẹ ò bi Alága léèrè? Ta ló tiẹ̀ mọ̀? Ooyà nìkan ló mọ̀!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Alága wọ egungun. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀: "Ẹlẹ́rìn-ín-Ẹ̀yẹ ni màá mú wá. Ẹ ṣáà wá àga tó dáa sílẹ̀."

Ó mọ òfin àǹtí rẹ̀ o. Láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ooyà ni àǹtí ti kìlọ̀ fún un: "Ẹni tó bá jókòó sórí àga yìí, má tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè dìde, kò lè sá, kò sì ní fẹ́ ṣẹ ẹni tó di irun rẹ̀ mú. Ẹran orí ìso kì í yan koríko."

Omi hó lẹ́yìn ilé, àǹtí lọ gbé e. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, àwa tá à ń jáde nílé ìwé ń ṣe ayẹyẹ. Ẹ dákun, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀. Díẹ̀ báyìí náà ni, mà."

Nínú dígí, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu òṣèré náà, ṣùgbọ́n ó kúrò lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan apá ibi tí wọn ò tíì dì.

"Ó dáa," ló wí. "Màá wá."

Nígbà tí irun parí, ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ní Mọ́ńdè, "Alága! Alága!" gba ilé ìwé kan. Lámèyítọ́ fúnra rẹ̀ bá a gbé báàgì. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n kun géètì lọ́dà. Ayé dùn!

Sátidé tí òṣèré náà máa ń wá pé. Àǹtí tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí àga, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Fóònù ló dún: Ẹlẹ́rìn-ín-Ẹ̀yẹ ní kí wọ́n má bínú, òun fẹ́ máa dìrí níbòmíràn fúngbà díẹ̀.

Àǹtí jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀. Ó ń wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. "Àbí mo ti fà á lórí jù ni? Ọdún mẹ́sàn-án! Kí ni mo ṣe fún un?"

Ara ọmọbìnrin náà ò gbà á. Ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Àǹtí ò pariwo. Ká ní ó tiẹ̀ pariwo ni, ì bá sàn.

"Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n," lọmọ náà wí. "Màá ní kí wọ́n má wá mọ́."

"Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ojú á tì mí, Àǹtí."

"Á tì ẹ́ dáadáa," ni àǹtí wí, ó sì na fóònù sí i.

Ọmọ náà pe òṣèré náà. "Èmi ni, mà. Ibi tí ẹ ò ti lè sọ pé rárá ni mo ti béèrè. Ẹ forí jì mí. Ẹ má wá mọ́, mà. Àǹtí mi ò mọ̀ sí i rárá."

"Ká ní o kọ lẹ́tà sí mi," lòṣèré náà wá sọ, "ǹ bá ti dá ọ lóhùn pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ì bá má dun ẹnikẹ́ni. O ṣeun tó o pè." Ló bá gbé fóònù sílẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ọmọbìnrin náà dúró níwájú kíláàsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Lámèyítọ́ pàtẹ́wọ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Alága Ooyà!" Wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Òun ló ṣì kọ lẹ́tà sí dókítà eléyín o, ìyẹn sì wá. Wákàtí kan gbáko ló fi sọ̀rọ̀ nípa eyín. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì péré.

Lẹ́yìn oṣù kan, òṣèré náà ránṣẹ́ sí àǹtí pé òun ń bọ̀. Kìkì pé òun ò fẹ́ bá ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù.

"O gbọ́," ni àǹtí wí.

"Mo gbọ́, mà."

Ọmọbìnrin náà mú ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó síta, lórí àtẹ̀gùn iwájú. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí àwọn obìnrin méjèèjì ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Kò gbọ́ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kò sì gbìyànjú láti gbọ́. Inú rẹ̀ dùn fún àǹtí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, "bẹ́ẹ̀ ni" tí a fipá gbà dà bí èso tí a já láìpọ́n: ó wà lọ́wọ́ lóòótọ́, kò ṣeé jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, ibi tó ti lè kọ̀ fún yín ni kí ẹ ti tọrọ rẹ̀.