Àwo Orin Ọ̀gá Tún-un-ṣe

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ó wọ gbọ̀ngàn ilé ìtura kan láti kọrin rọ́pò ẹnì kan tí ọ̀fun ń dùn, ó sì bá ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lábẹ́ dùùrù, ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, èkejì aláwọ̀ ewé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ bá mi tẹ èyí tó wà láàárín," ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀ títí ìka fi ń ro ó. Nígbà tí ọkùnrin náà rá jáde pẹ̀lú eruku lórí, ó wo ọmọbìnrin náà, ó sì gbàgbé ohun tó ń tún ṣe. Ká ní ó gbàgbé rẹ̀ títí ayé ni, ìtàn yìí ì bá kúrú, èmi náà ì bá sì sinmi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọrin?"

"Èmi ni, bí dùùrù yín bá gbà."

Orin jáàsì tí kì í kánjú ni ọkùnrin náà fi dùùrù lù, ọmọbìnrin náà sì da ohùn lé e jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Àwọn tó ń jẹun gbé ṣíbí dúró. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń kọrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwo orin kan, kò sì pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn.

Ìyá ọmọbìnrin náà, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ, ló dá tọ́ ọ dàgbà. Onídùùrù wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mà, tí àwo orin wa bá ti parí, mo máa wá fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ̀ yín."

"Kí ló kù nínú àwo náà?"

"Díẹ̀ báyìí ni, mà."

Díẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi gbọ́. Ó lọ ra ẹ̀rọ kan tó máa ń fa ohùn gùn bí ohùn inú àlá, ó ní kí gbogbo orin náà di àlá. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó dùn, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ìlù kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa gbé e rìn. Wọ́n tún un kọ. Ó mú fèrè wọlé, ó lé fèrè jáde. Ó da gbohùngbohùn bo ohùn ọmọbìnrin náà títí ó fi dà bíi pé òdìkejì odò ló ti ń kọrin bọ̀. Níkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbogbo ibi tó ti mí kúrò, ó ní ariwo ni.

"Èémí mi ló di ariwo?"

"Olólùfẹ́ mi, kí orin náà lè mọ́ ni."

"Òkú ni kì í mí, ọ̀gbẹ́ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bá mi tún ìlà yẹn kọ, ẹyọ kan péré."

Kì í ṣe pé onídùùrù kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Òun ló ń po omi gbígbóná mọ́ oyin fún un kó tó kọrin. Bí ó bá ti sọ gbólóhùn kan lórí fóònù, onídùùrù ti mọ̀ bóyá ó jẹun tàbí kò jẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí àwo náà bá jáde tí kò dára, ojú wo ni yóò fi wo ìyá aránṣọ? Ó rò pé iṣẹ́ lòun ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sísá ló ń sá.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà gbé orin náà lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ dópin, abẹ́rẹ́ ṣì wà létè.

"Ó dáa. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Mọ́mì."

"Ìwọ kọ́," ni ìyá wí.

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Ó padà sí sítúdíò, kò tilẹ̀ jókòó.

"Mi ò tún kọ nǹkan kan mọ́. Orin kọ́ lò ń tún ṣe, ọjọ́ ìgbéyàwó wa lò ń sún síwájú. Ó ti sú mi. Ó dàbọ̀."

Ó padà sídìí rírán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Onídùùrù jókòó ti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wá a nínú orin tó ti fọ̀ mọ́ tónítóní. Kò rí i níbẹ̀.

Ẹ ò rò pé yóò wá tọrọ àforíjì? Ó wá lóòótọ́. Ó gbé máìkì lọ́wọ́.

"Ìlà kan ló kù," ló wí.

Ọmọbìnrin náà wò ó títí. "Màá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibí yìí ni màá ti kọ ọ́, Mọ́mì ò sì ní dá iṣẹ́ wọn dúró."

Ìyá tún wa máṣíìnì kíkankíkan. Ọmọbìnrin náà kọrin. Nígbà tó dé àárín, òwú já, ìyá pòṣé, ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín nínú orin kó tó parí rẹ̀. Onídùùrù palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó jáde.

"Kò tiẹ̀ dágbére," ni ìyá wí.

Nígbà tí onídùùrù délé, ó mú ọwọ́ lọ síbi tí yóò ti gé òṣé náà kúrò. Ó gbọ́ èémí, ó gbọ́ ẹ̀rín, ó gbọ́ máṣíìnì tó ń gbé orin náà rìn lábẹ́lẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó rí nídìí dùùrù lọ́jọ́sí rèé. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ń gé e kúrò díẹ̀díẹ̀. Kò gé nǹkan kan mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹ̀rọ àfisétí sí ìyá létí.

"Ta ló ń pòṣé níbí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"O fi òṣé mi sínú orin?"

"Mo fi í sílẹ̀, mà. Èémí ọmọ yín náà, mo ti dá gbogbo rẹ̀ padà."

Ìyá gbọ́ ọ dópin. "Ọmọ mi nìyí," ló wí.

Onídùùrù yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àgékù aṣọ. "Ó parí. Láàárọ̀ yìí ni mo fi í síta, àwọn èèyàn ti ń gbọ́ ọ. Mi ò lè tún un ṣe mọ́. Ẹ̀bi mi ni, olólùfẹ́ mi, ẹ̀rù ló bà mí. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ ọmọbìnrin náà jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ìbọ̀sẹ̀ rẹ ò bára mu."

"Mo mọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Dìde," ló wí, ojú rẹ̀ ti kún fómi. "Mo gbà."

Ìyá ti fa okùn ìwọn yọ lọ́rùn, ó ti ń wọn èjìká ọmọ rẹ̀. "Dúró dáadáa." Ó tẹ́ aṣọ funfun kan sórí tábìlì, ó mú àlùmọ́gàjí.

"Mà," ni onídùùrù wí, "ṣé kò ní dáa ká kọ́kọ́ rán ọ̀kan tí a ó fi dán an wò, tí a bá wá rí i pé…"

Ìyá àti ọmọ pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá sì gé aṣọ náà.