Ọjọ́ tí Mo Tú Rédíétọ̀ Mọ́tò Bàbá Mi

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. N kì í mutí, n kì í sì í fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi parọ́. Ìyá mi wà níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀rí-Dà, nítorí pé bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta fèrèsé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ bi í léèrè, bó bá máa dá a lóhùn.

Mẹkáníìkì ni mí. Ìyá Sípánà ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tí mọ́tò àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà, tó sì jẹ́ pé èmi ni mò ń jí wọn, wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ pè é. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò kọ́ mi bí ọmọ, bí ọmọṣẹ́ ló ṣe kọ́ mi. Bí mo bá ṣe nǹkan dáadáa, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn gbé èyí tó le jù ú lọ fún mi.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Mọ́tò asáré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń díje láyé àtijọ́. Ó pupa, oníjòókòó méjì ni, imú rẹ̀ gùn, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ kan títì. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi rí i níbi tí wọ́n jù ú sí, ó tú u palẹ̀, ó sì tún un tò. Orogún ni ìyá mi ń pè é. 'Ẹ lọ wo orogún mi,' ni yóò wí, 'bóyá òun ti jẹun.' Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á mú àkísà, á lọ.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ohùn rẹ̀ sì lọ. Ọwọ́ ọ̀tún náà wá tutù bí irin tó sùn síta mọ́jú. Ìyá mi á wé e láṣọ, á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, pàbó ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Mọ́tò pupa wà nínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé ní gbogbo àkókò yẹn. A ti yọ bátìrì rẹ̀. A fi aṣọ bò ó, eruku sì bo aṣọ.

Ní ọjọ́ kan, dókítà pe èmi àti ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àyà bàbá kò lágbára mọ́, kí a máa ṣe ohun tó bá wù ú fún un. Ohun tó ń sọ yé wa. Èmi sì mọ ohun tó wu bàbá mi. Mo fẹ́ kó gbọ́ ohùn mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti máa gbọ́ ọ. Kí n sọ òótọ́, èkejì yẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ ju èkíní lọ lọ́kàn mi.

Mo fọ kábúrétọ̀. Mo pààrọ̀ àwọn pílọ́ọ̀gì. Mo da ọ́ìlì àtijọ́ nù, mo rọ tuntun. Ó wá ku rédíétọ̀, ibi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbé. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀, omi sì ń jò níbẹ̀. Àfi kí n tú u kúrò, kí n gbé e sórí tábìlì, kí n fi iná yọ́ òjé dí ojú ihò náà.

Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, kò sẹ́ni tó ń ṣí rédíétọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Omi gbígbóná ti bó ojú ọmọṣẹ́ kan rí, láti ìgbà náà ni bàbá mi ti sọ ọ́ di òfin. Bí ọwọ́ ọ̀gá bá lè dúró lórí rẹ̀, a ó ṣí i. Bí kò bá lè dúró, a ó dúró. Ìbáà jẹ́ mọ́tò tí wọ́n fi okùn wọ́ wá, tí kò ṣiṣẹ́ láti oṣù tó kọjá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbọ́wọ́ lé e. Láti ìgbà tí ara rẹ̀ kò ti yá, èmi ni mò ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí, tirẹ̀ ni, ọ̀gá sì wà láyé. Mi ò lè ré e kọjá.

Ẹ̀rí-Dà ló ti àga oníkẹ̀kẹ́ bàbá wá sí gáréèjì, ìyá mi sì tẹ̀lé wọn. Ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀, ó ń ta sórí páànù.

'Àǹtí mi, mọ́tò tí kò jí láti ọjọ́ yìí, kí lẹ fẹ́ fọwọ́ wò níbẹ̀?'

'Òfin ni.'

'Òfin ta ni?'

'Òfin ẹni tó wà nínú àga tó ò ń tì yẹn.'

Ó ti àga náà sún mọ́ imú mọ́tò.

Ọwọ́ òsì bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìyá mi ní kí n lo ìyẹn. Mo kọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ́ mi níṣẹ́, òun sì ni ọwọ́ ọ̀gá. Mo gbé ọwọ́ tútù náà, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí rédíétọ̀.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Mi ò gbọ́ òjò mọ́. Kò dá o. Mò ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń rọ̀. Ó ń bá páànù, ó ń bá ilẹ̀, kò kàn dún ni.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ọwọ́ bàbá mi. Ó rọra ń kùn, bí omi orí iná tó fẹ́ hó. Mo na ìka síbẹ̀. Mo yára fà á padà.

'Ó gbóná,' ni mo wí.

'Kò lè gbóná,' ni Ẹ̀rí-Dà wí. Ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì tutù. Ó fọwọ́ kan rédíétọ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń wo ìka rẹ̀ tó ń pọ́n.

'Ṣé ẹ yọ bátìrì ẹ̀ lóòótọ́?'

'Bátìrì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ yẹn.'

Ó wolẹ̀. Ó rí i. Ó sún sẹ́yìn.

Ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ bàbá máa bó. Mo dì í mú kí n lè gbé e kúrò, kò gbà fún mi. Àwọn ìka tó ti kú láti ọjọ́ yìí ti ká mọ́ etí rédíétọ̀, wọ́n dì í mú pinpin. Bàbá mi gbójú sókè wò mí.

'Ó ti tó,' ni bàbá mi wí. 'Tú u.'

Ìyá mi jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan. A ti gbàgbé bí ohùn bàbá ṣe rí.

Ọ̀gá ní kí n tú u, mo tú u. Mo ṣí ẹnu omi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi náà hó jáde, ó pupa nítorí ìpẹtà, èéfín rẹ̀ bo ojú mi. Rédíétọ̀ kékeré ni, omi inú rẹ̀ kò tó ìdajì garawa. Garawa kún. Ìyá mi ti òmíràn sí i, ìyẹn náà kún. Bí omi ṣe ń jáde ni ẹ̀yìn bàbá mi ń nà nínú àga. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ, nítorí pé ọwọ́ mi ò gbọ́dọ̀ gbọ̀n lójú ọ̀gá mi. Mo tú họ́ọ̀sì òkè, mo tú ti ìsàlẹ̀. Mo tú àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìka bàbá tú fúnra wọn, mo gbé e sókè tààrà, mi ò jẹ́ kó fara kan abẹ̀bẹ̀ fáànù. Kò sí mẹkáníìkì tó lè rí àbùkù kan nínú bí mo ṣe yọ ọ́.

Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ti tutù. Mo yíjú padà. Bàbá mi ti dìde dúró.

Ìyá mi sáré fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. 'Ara ẹ̀ ń jó,' ni ó wí. Bàbá mi rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó dúró lẹ́yìn mi bó ṣe máa ń dúró nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ooru rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi. Mo wá ihò náà rí, mo ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu rẹ̀, mo fi iná dí i. Mo rọ omi sínú rẹ̀ láti fi dán an wò. Kò jò rárá.

'Ó dáa,' ni bàbá mi wí.

Mo ti tún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe lójú ọkùnrin yìí, kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo sunkún. Mi ò bojú, mi ò nu ún. Orí mi wú. Ẹ̀rù ń bà mí gidi, síbẹ̀ orí mi wú.

Mo dá rédíétọ̀ padà sí àyè rẹ̀, mo so bátìrì mọ́ mọ́tò, mo wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn yẹn gba gbogbo gáréèjì, ó wọ̀ mí nínú egungun. Kò húkọ́, kò gbọ̀n, ó ń lọ geere. Mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí ó fi yẹ kó gbóná, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́wọ́ lé rédíétọ̀. Ó tutù nini.

'Àǹtí mi,' ni Ẹ̀rí-Dà wí jẹ́ẹ́jẹ́. 'Ẹ wo bàbá.'

Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ń bà á léjìká. Gbogbo ẹ̀kán tó bà á ló ń di èéfín.

'Pa á,' ni ìyá mi wí. 'Ọmọ mi, pa mọ́tò yẹn.'

Mo padà sínú mọ́tò, mo pa á. Orúnkún bàbá mi yẹ̀, Ẹ̀rí-Dà ló gbá a mú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ wálẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Ìyá mi ń pè é, kò gbọ́. Mo wo ìyá mi. Òun náà wò mí. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́, bàbá mi sì nàró láàárín apá àbúrò mi.

Ó wá bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

'Sún kúrò níbẹ̀.'

Mo lè yọ kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Ká ní mo yọ ọ́, à bá ní bàbá kan nínú àga, tí kò lè sọ̀rọ̀, fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí dókítà fún wa. Mo sọ̀ kalẹ̀ fún un.

'Níbo lẹ ń lọ, Bàbá wọn?' ni ìyá mi bi í.

'Mo fẹ́ wo títì.'

'Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ.'

Bàbá mi wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wo ìyá mi. Ojú rẹ̀ rọ̀.

'Ó gbóná jù fún ẹ,' ni ó wí.

Ó jáde nínú òjò. Ó yà sójú títì bí ọ̀dọ́mọkùnrin. A ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ, bó ṣe ń yí jíà, títí ohùn náà fi jìnnà. Ó jìnnà dé ibì kan, ó sì dúró sí ìwọ̀n yẹn. Kò tún lọ síwájú, kò padà wá.

Epo díẹ̀ ni mo bù sí i, èyí tí a ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lásán. Kò lè gbé e kọjá ìkóríta. Ẹ̀rí-Dà gun alùpùpù lọ wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn tó wà ní ìkóríta ò rí mọ́tò pupa kankan. Àwọn ọlọ́pàá náà wá a, wọn ò rí i.

Ọjọ́ ti gorí ọjọ́ láti ìgbà náà, a ṣì ń gbọ́ ohùn náà. Ó ń ti ọ̀nà ibẹ̀ yẹn wá, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rí-Dà ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan rédíò nínú ilé mọ́. Èmi máa ń jókòó tẹ́tí sí i bí mẹkáníìkì. Mò ń wá ibi tó ti máa húkọ́, ibi tó ti máa rẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì rí i. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, èmi ni mo sì ṣe é.

Ní àárọ̀ yìí, ó yí jíà. Ó yí i wálẹ̀, bí awakọ̀ ṣe ń ṣe tó bá fẹ́ yà wọlé. Ìyá mi fi omi tó ń bù sílẹ̀, ó sì lọ ṣí géètì.