Ìgò Kejì Nínú Yìnyín Ẹja

Ẹ̀yin náà ti fura pé ilé-iṣẹ́ tó bá gbé pátákó sẹ́nu géètì pé òun mọ́ tónítóní ní ohun tó ń fi pamọ́ sẹ́yìnkùlé. Ẹ fura re. Pátákó ilé-iṣẹ́ aláṣọ yìí tóbi ju fèrèsé ilé ẹlòmíì lọ, méjìléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì kọ sí i, máàkì tí wọ́n gbà lórí ìtọ́jú àyíká. Wọ́n ti ka iná tí wọ́n ń lò, wọ́n ti wọn ìdọ̀tí tí wọ́n ń kó dànù, wọ́n ti ka igi tí wọ́n gbìn, títí kan iye òṣìṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló kù tí wọn kì í fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n: omi odò. Obìnrin kan láti ìta ló ń wá bù ú ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé yìí, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn síméǹtì, níbi tí páìpù ilé-iṣẹ́ ti ń da omi sódò.

Sípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ ni gbogbo ìlú mọ̀ sí Ojú Àwòdì. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn, ọdún méje ló sì fi ń rán àwọn ènìyàn létí. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ mú lóòótọ́.

Dókítà ní orí ló fi gbá síméǹtì. "Bóyá ó yọ̀ ni o, bóyá wọ́n tì í ni o, egungun ò lè sọ ìyẹn fún mi."

"Èmi á sọ ọ́ fún yín," ni Ojú Àwòdì fèsì.

Ó lọ bá alákòóso àyíká ilé-iṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tó gbé ìwé ẹ̀rí mẹ́sàn-án kọ́ ara ògiri, tó sì ti kan ìṣó ìkẹwàá sílẹ̀ dè é.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, sà. Tẹkúntẹkún ni mo fi gbé kúlà tó ń kó ìgò omi sí lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn má baà ṣòfò."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Èmi fúnra mi. Kí la fẹ́ ṣe sí i, sà? Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ibi tí wọ́n ti ń lo òwe yẹn kọ́ nìyí. Agbè gan-an ló fọ́. Omi ló kù. Ojú Àwòdì kọ ọ́ sínú ìwé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde.

Ní yàrá àyẹ̀wò, obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀. "Ìgò tó bá wọlé síbí, tẹmómítà ni mo kọ́kọ́ ń kì bọ̀ ọ́. Ti olóògbé kì í ju dígírì mẹ́rin lọ, torí inú yìnyín ló máa ń gbé e wá. Èyí tí ọ̀gá yẹn gbé wá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ṣé yìnyín inú kúlà ti yọ́ ni?"

"Kò yọ́ rárá."

"Omi náà ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù. Omi tó bá ti gbóná, tàbí tó bá ti lò ju ọjọ́ kan lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà. Kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan mọ́, sà. Òfin wa nìyẹn."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìkan ló bá Ojú Àwòdì jáde. Etí rẹ̀ ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́.

Kó tó di ọ̀sán, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n olóògbé, ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní abúlé ìsàlẹ̀ odò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí itan rẹ̀, ó ń họra ṣáá.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyá."

"Ẹ ṣé o. Ẹja odò ni mò ń tà tẹ́lẹ̀, sà. Ọdún kẹrin rèé tó jẹ́ pé inú mọ́tò ni ẹja ti ń wá bá mi létí odò. Wọ́n ní àwọn ní àmì mọ́kànlá tí wọ́n fi ń mọ̀ pé àyíká dáa. Tèmi rèé." Ó gbé apá ọmọ náà sókè. Egbò ti gbà á dé ìgúnpá.

Ó kiwọ́ bọ àárín ẹja, ó sì fa ìgò kan jáde. "Méjì ni àbúrò mi máa ń bù. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Láàárọ̀ yìí, ó já ọ̀kan sílẹ̀ síbí, ó ní omi páìpù yẹn ń rùn lọ́tọ̀ lónìí, òun ń padà lọ bi wọ́n léèrè."

Ojú Àwòdì gbé ìgò náà sókè síhà oòrùn. Omi náà mọ́ gaara. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí, ì báà jẹ́ ti àwòdì.

"Inú yìnyín ni kẹ́ ẹ fi sí o, sà," ìyá náà ní. "Kó sì dé yàrá àyẹ̀wò lónìí. Òun nìkan ló kù tó lè bá àbúrò mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni sí yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn kò ráyè àfi Ọjọ́bọ̀, ta ni yóò sì mú apànìyàn láìsí òǹwòran? Ó gbé ìgò náà sójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bá a mu. Ẹni tó bá wọlé, á sọ fún un pé, "Má fọwọ́ kàn án o. Apànìyàn ń bẹ nínú ẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn pé sí gbọ̀ngàn ìpàdé ilé-iṣẹ́ náà. Ojú Àwòdì gbé ìgò náà kalẹ̀ sáàárín tábìlì, ó dúró kí wọ́n yà á ní fọ́tò tán.

"Ọ̀gá alákòóso, yìnyín inú kúlà kò yọ́, síbẹ̀ ìgò inú rẹ̀ gbóná. Ìgò tó bá ti ń bá yìnyín gbé láti aago méje kì í gbóná. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Omi ẹ̀rọ lẹ bù sí i, torí ẹ mọ ohun tí ti àkọ́kọ́ máa sọ àti máàkì tó máa bà jẹ́. Obìnrin yẹn padà wá bi yín léèrè, ẹ tì í. Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni pé méjì ló máa ń bù."

Òógùn bo alákòóso náà. Ó wo ìgò, ó wo ìyá ẹlẹ́ja, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mo kàn..." ló ní.

"Ẹ dúró ná," Ojú Àwòdì ní, torí kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó nawọ́ sí obìnrin yàrá àyẹ̀wò. "Màdámú, ẹ gba ẹ̀rí yín."

Obìnrin náà ka ọjọ́ tí olóògbé kọ sára ìgò. Ó ṣí i, ó ti tẹmómítà bọ̀ ọ́, ó dúró. Alákòóso náà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ìyá ẹlẹ́ja kò mọ̀wé kà. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Kí ló sọ, ọmọ mi?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà."