Bàbá Lẹ́tà àti Ojú Ìwé Ìkẹyìn

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń fi aṣọ gba afẹ́fẹ́, oníwàásù kan tó wọ kóòtù dúdú tó gùn dé orúnkún gbé ọ̀pá sókè, ó sì nà án sí àwòrán ayé tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ilẹ̀ tí ìhìnrere ti dé ni wọ́n ti kùn ní pupa. Ibì kan péré ló ṣì funfun, kò tóbi ju èékánná lọ.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "Olúwa ti sọ ọ́ pé ìhìnrere gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè kí òpin tó dé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ta ló ń lọ? Lónìí, alágbẹ̀dẹ ń wọkọ̀, aránbàtà ń wọkọ̀, àwọn olùkọ́ ń lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Àsọtẹ́lẹ̀ ń ṣẹ lójú wa kòrókòró! Ó ku àwọn yìí nìkan, ìwé ìhìnrere lédè wọn sì ti wà nílé ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ òpópónà yìí!"

Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣe é, ó tẹjú mọ́ ibi funfun náà.

Bàbá Lẹ́tà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Kò bímọ, kò sì fẹ́yàwó rí. Lẹ́tà ló ń tọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi dúró nílé ìtẹ̀wé, tó ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n sódì sínú férémù kí wọ́n lè hàn bó ṣe yẹ lórí bébà. Ọdún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ló fi bẹ opó tó ń rán ìwé pọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Aránwé, pé kó fẹ́ òun. Oṣù tó kọjá ni obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

"Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé tó wà nílẹ̀ yìí parí ná," ó ní. "Mi ò lè máa rán ìwé, kí n tún máa rán aṣọ ìyàwó."

Bí Bàbá Lẹ́tà ṣe dé ilé, ó yọ bàtà kan, ó gbàgbé ìkejì sẹ́sẹ̀. Bí òun bá parí ìwé, ayé parẹ́. Bí òun ò bá parí rẹ̀, kò sí ìyàwó. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ tó yá jù lọ nílé ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ní eyín ń dun òun. Ní ìkejì, ó ní lẹ́tà kò tó. Ní ìkẹta, férémù ojú ìwé ìkẹyìn já bọ́, lẹ́tà fọ́n ká ilẹ̀ bí ẹ̀wà. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé káwọ́ lérí.

"Bàbá Lẹ́tà, ọkọ̀ ń ṣí lọ́jọ́ Ẹtì! Òmíràn ò sí títí di ọdún tó ń bọ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọwọ́ àgbà ni."

Aránwé gbọ́ ariwo náà lókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bọ́ bàtà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó bá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níbi tó ti ń gbé férémù kan náà, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tó fẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Férémù ò já bọ́. Bàbá Lẹ́tà fúnra rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ó jẹ́wọ́. "Ẹ̀rù ń bà mí kí ayé má lọ parẹ́ kí n tó gbé yín níyàwó."

Aránwé rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìdì bébà jókòó lé. Nígbà tó nu ojú tán, ẹ̀rín ti lọ.

"Ẹ fẹ́ fi òjé dá Ọlọ́run dúró? Bàbá arúgbó tó túmọ̀ ìwé yìí wà lọ́hùn-ún níbi tí ìwé ń lọ. Ọdún méjìlélógún ló fi ń ṣe é. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, òsì ń ṣú lọ. Ṣé kó kú láì kà á, nítorí tèmi? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá ẹlòmíràn fẹ́."

Ojú ti Bàbá Lẹ́tà dé egungun. Ó dìde, ó ká apá aṣọ sókè. Ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ ṣí lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé àpótí ìwé wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá Lẹ́tà àti Aránwé dúró níwájú pẹpẹ. Àwọsánmà ti ṣú. Oníwàásù ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, "Ǹjẹ́ ìwọ..." ni àrá bá sán gbàá!

"Mo gbà! Mo gbà!" Bàbá Lẹ́tà pariwo. "Ẹ yára, ẹ bi òun náà!"

Òjò lásán ni.

Bàbá Lẹ́tà ka oṣù méje tí ọkọ̀ yóò fi rìn. Lọ́jọ́ tó ṣírò pé ìwé yóò gúnlẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìbọ̀sẹ̀ tó ya lé e lọ́wọ́.

"Ẹ máa rán èyí. Bí Olúwa bá dé, kó bá yín nídìí iṣẹ́."

Lẹ́tà ló dé láti ọ̀hún, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oníwàásù kà á fún ìjọ. Ìwé ti dé. Ojú òsì bàbá tó túmọ̀ rẹ̀ ṣì ríran, òun fúnra rẹ̀ ló ka ojú ìwé kìíní sókè, àwọn ènìyàn sì sunkún. Ohùn oníwàásù wálẹ̀ níbi tó kù: lẹ́yìn òkè, wọ́n ti rí ẹ̀yà mọ́kànlá mìíràn tí èdè wọn yàtọ̀, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà.

Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀. Bàbá Lẹ́tà fò sókè, "Halelúyà!"

Ó to èdè mẹ́ta sí i. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka àsọtẹ́lẹ̀ dá ọjọ́ fún òpin, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n dá òmíràn. Òpin dé lóòótọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ṣùgbọ́n Bàbá Lẹ́tà nìkan ló dé bá, ní ìdúró, pẹ̀lú ìlà kan tó kù díẹ̀ kó kún.

Aránwé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìlà náà. Òun tí kò to lẹ́tà rí ló ṣa èyí tó kù. Omijé ò jẹ́ kó ríran dáadáa, ó dorí "n" kan kodò, ó di "u".

Míṣọ́nnárì tó gba ìwé náà kọ̀wé wá pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣé kí àwọn tún un ṣe?

Ọ̀gá fún Aránwé ní kálámù pé kó dáhùn. Ó kọ ọ́ ní ṣókí: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín."